Bí ẹ ṣe lè kó ilé ìkàwé sínú fóònù yín, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè tì í mọ́ yín

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, OkadaBooks, ìsọ̀ ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, kógbá wọlé. Ọdún 2013 ni Okechukwu Ofili dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti kọ́kọ́ fi owó ra ìwé tí kò ní èèpo, tí kò sì ní bébà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé tí kò rí iléeṣẹ́ atẹ̀wé tó máa gbà wọ́n ti rí òǹkàwé tiwọn. Ìròyìn náà dun àwa tá a fẹ́ràn ìwé kíkà gan-an. Ìwé tó bá jẹ́ pé inú áàpù kan ṣoṣo ló ti ṣeé kà, ọjọ́ tí áàpù náà bá lọ ni òun náà ń lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2019, Microsoft ti ìsọ̀ ìwé rẹ̀ pa. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún náà, àwọn ìwé tí oníbàárà ti rà ti ń pòórá lórí ẹ̀rọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá owó wọn padà. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje ọdún 2009, Amazon wọ inú Kindle (ẹ̀rọ ìkàwé tó ń tà) àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì pa àwọn ìwé kan rẹ́ tí wọ́n ti sanwó fún, nítorí pé ẹni tó gbé ìwé náà wá sọ́jà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2025, Amazon yìí kan náà yọ ọ̀nà tí èèyàn fi ń gba ìwé Kindle tó rà sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, ohun kan ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé lórí. Ìwé tí fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí ẹ lè gbé láti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ni mo ń pè ní ìwé yín. Fóònù Android ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ń lo iPhone lè fi Apple Books ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ń ṣí EPUB, ó sì ń ṣí PDF.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú fáìlì tó wà níwájú yín

Ìparí orúkọ fáìlì ló ń sọ irú ohun tó jẹ́: .epub, .pdf, .mobi. Bí kò bá hàn, ẹ ṣí áàpù Files by Google, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì náà, kí ẹ wá tẹ File info. Gbogbo rẹ̀ á hàn níbẹ̀, títí kan bí fáìlì náà ṣe tóbi tó.

EPUB àti PDF ló máa bá yín pàdé jù, wọn kò sì jọra rárá. Ọ̀rọ̀ inú EPUB máa ń to ara rẹ̀ bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ tó. Tí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá, àwọn ìlà á tún ara wọn tò, ẹ kò ní máa fi ìka wọ́ ojú ewé lọ sọ́tùn-ún sósì. PDF ní tiẹ̀ kì í yí padà. Bí ojú ewé náà ṣe rí nínú ìwé títẹ̀ ló ṣe máa rí lórí fóònù, ojú ẹni tó ń kà á ló máa jìyà rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtàn àròsọ tàbí ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan ni ẹ ń wá, ẹ wá EPUB. Tó bá jẹ́ ìwé ìṣirò, ìwé tó kún fún àwòrán, tàbí ìbéèrè WAEC àti JAMB ti ọdún tó ti kọjá, PDF ló dára, nítorí ibi tí nǹkan wà lójú ewé ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà náà tún wà níbẹ̀. Ìtàn àròsọ tí kò ní àwòrán, tó wà ní EPUB, kì í sábà ju 1MB lọ. Ìwé kan náà tí wọ́n ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sọ di PDF, lè ju 50MB lọ. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ìyẹn kó tó tẹ dáńlóòdù.

MOBI jẹ́ ti àwọn Kindle àtijọ́. Amazon fúnra rẹ̀ ti ń kúrò lẹ́yìn rẹ̀ láti 2022, EPUB ló ń gbà báyìí fún ìwé tí èèyàn bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sórí Kindle. Bí ìsọ̀ ìwé bá sì fún yín ní fáìlì tó parí sí .acsm, ìwé gan-an kọ́ nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ni, áàpù tó bá gba ètò Adobe ló máa fi í lọ gba ìwé náà wá, ìwé ọ̀hún yóò sì wà ní títì pa, ẹ kò ní lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bó ṣe wù yín.

Èyí tó léwu jù ni .apk. Áàpù ni, kì í ṣe ìwé. Ẹni tó bá fi “ìwé” tó parí sí .apk ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp tàbí Telegram, inú fóònù yín ló fẹ́ wọ̀, owó tó wà ní báǹkì yín ló sì ń wò. Ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe ṣí i wò.

Áàpù tí ẹ ó fi kà á

Àwọn áàpù ìkàwé pọ̀ lórí Play Store, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kún fún ìpolówó tó máa ń já lu èèyàn láàárín ìtàn. ReadEra ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí. Kò ní ìpolówó, kò ní kí ẹ ṣí àkáǹtì, kò sì béèrè dátà kí ẹ tó lè kàwé. Ó ń ṣí EPUB, PDF, MOBI, fáìlì Word àti àwọn mìíràn.

Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ lọ sínú Files by Google, ẹ wọ Internal storage, ẹ wọ Documents, kí ẹ dá fódà tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní Ìwé. Gbogbo ìwé tí ẹ bá rí, ibẹ̀ ni kí ẹ máa kó o sí. Ìdí rẹ̀ nìyí: ìwé tí áàpù kan bá tọ́jú sínú yàrá ara rẹ̀ máa ń bá áàpù náà lọ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò. Fáìlì tó bá wà nínú Documents tàbí Download kì í bá ẹnì kankan lọ. Ẹ lè yọ ReadEra lónìí, kí ẹ gbé áàpù mìíràn wọlé lọ́la, ìwé yín á ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ReadEra wọlé, kí ẹ ṣí i. Yóò tọrọ àyè láti wo àwọn fáìlì yín, ẹ gbà fún un, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí áàpù ìkàwé mìíràn bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun rí nọ́ńbà àwọn tí ẹ mọ̀, tàbí kí òun máa ka SMS yín, ẹ yọ ọ́ dànù. Kò sí ohun tó kan ìwé kíkà níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ máa tún gbogbo nǹkan ṣe bó ṣe wù ú lè wo KOReader. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Android, lórí ẹ̀rọ ìkàwé Kobo, àti lórí àwọn Kindle kan. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà, àmọ́ ó gbọ́n.

Níbo ni ìwé wà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó kò ti sí. Michael Hart ló dá Project Gutenberg sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971, ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa rò ó pé èèyàn lè máa ka ìwé lórí fóònù. Lónìí, ìwé tó wà níbẹ̀ ju 70,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì jẹ́ ìwé tí ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) rẹ̀ ti parí ní Amẹ́ríkà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ lọ sí gutenberg.org, ẹ kọ orúkọ ìwé tàbí òǹkọ̀wé síbi ìwákiri, kí ẹ tẹ ìwé tí ẹ fẹ́. Ẹ ó rí oríṣiríṣi EPUB níbẹ̀. Bí dátà yín bá kéré, ẹ mú èyí tí wọ́n kọ “no images” sí lára. Bí ẹ bá rí ìwé kan náà ní Standard Ebooks, ẹ mú tibẹ̀, nítorí wọ́n máa ń fara balẹ̀ tún àṣìtẹ̀ ṣe, wọ́n sì máa ń to orí ìwé lẹ́sẹẹsẹ.

Internet Archive ni ibi tí ẹni tó ń wá ìwé àtijọ́ nípa Yorùbá gbọ́dọ̀ dé. Ìwé gírámà, ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé ìtàn tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún àti ní ìbẹ̀rẹ̀ ogún wà níbẹ̀, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Wọ́n máa fún yín láǹfààní láti mú EPUB tàbí PDF. EPUB tibẹ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kà láti ara fọ́tò, ẹ̀rọ náà kò sì mọ àmì ohùn Yorùbá. Ohun tó jẹ́ ọ̀ lójú ewé lè di “o” lásán, ó lè di “9”, ó sì lè di àmì tí kò ní ìtumọ̀. Fún ìwé Yorùbá tàbí ìwé tí Yorùbá pọ̀ nínú rẹ̀, PDF ni kí ẹ mú níbẹ̀, bó tilẹ̀ tóbi.

Fún àwọn ọmọdé, African Storybook ní ìtàn kéékèèké ní ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà, Yorùbá náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ìtàn kan kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ, àwòrán ló sì gba ibẹ̀ jù. Ó dára fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá, pàápàá ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tó ń gbọ́ èdè náà lẹ́nu màmá rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí i nínú ìwé.

Kiwix tún wà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fetí sí èyí. Áàpù náà ló ń jẹ́ kí èèyàn gbé odindi Wikipedia sínú fóònù, kó sì máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ gbé e wọlé láti Play Store, ẹ lọ síbi tí àkójọ ìwé rẹ̀ wà, ẹ fi èdè wá a, kí ẹ mú Wikipedia Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó lo dátà. Ilé ẹ̀kọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé lè máa fi fóònù olùkọ́ kan ṣoṣo wá ọ̀rọ̀ fún odindi kíláàsì.

Bíbélì Yorùbá wà nínú áàpù YouVersion. Ẹ wá èdè Yorùbá láàárín àwọn ìtúmọ̀ tó wà níbẹ̀, kí ẹ tẹ dáńlóòdù, kó má baà máa béèrè dátà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìwé

Ìwé tuntun yàtọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé, ó sì ń sanwó ilé. Mo mọ̀ pé ẹ lè rí PDF rẹ̀ ní Telegram láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń kọ ìwé ní Yorùbá kò ní òǹkàwé mílíọ̀nù tó máa ràn án lọ́wọ́. Bí ogójì ènìyàn nínú àwọn tí ì bá ra ìwé rẹ̀ bá kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ó ṣeé ṣe kó má kọ òmíràn mọ́.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ló ń ta ìwé wọn fúnra wọn báyìí lórí ojú òpó Selar, níbi tí ẹ ti lè fi káàdì náírà sanwó. Àwọn mìíràn ń tà á lórí WhatsApp, ẹ ó san owó sínú àkáǹtì wọn, wọn á fi fáìlì ránṣẹ́. Kí ẹ tó sanwó níbikíbi, ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí ẹ gbàgbé láti bi wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fáìlì EPUB tàbí PDF ni ẹ ó fún mi, àbí inú áàpù yín nìkan ni màá ti máa kà á?” Bó bá jẹ́ inú áàpù nìkan, ẹ ṣì lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ̀tọ́ láti kà á ni ẹ rà. Òǹkọ̀wé tó bá fún yín ní fáìlì ti fọkàn tán yín. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, Manchester, Houston tàbí Atlanta ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀. Ẹ gba káàdì ilé ìkàwé ìjọba àdúgbò yín, ẹ gbé áàpù Libby wọlé, kí ẹ fi nọ́ńbà káàdì náà wọlé sínú rẹ̀. Tí ilé ìkàwé yín bá wà nínú ètò náà, ẹ ó lè yá ìwé kíkà àti ìwé àgbọ́sétí lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ìwé náà á padà fúnra rẹ̀, kò sí owó ìtanràn. Yíyá ni, wọn kò sì pè é ní títà.

Ẹ tún ojú ewé ṣe kó bá ojú yín mu

Ẹ ṣí ìwé kan nínú ReadEra, kí ẹ tẹ àárín ojú ewé lẹ́ẹ̀kan. Àwọn bọ́tìnnì á jáde. Ẹ kọ́kọ́ mú lẹ́tà tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wá fẹ àlàfo tó wà láàárín ìlà sí ìlà. Fún Yorùbá, èyí ṣe pàtàkì ju fún Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí àmì wà lórí lẹ́tà, ó tún wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìlà bá sì sún mọ́ra jù, àmì ìlà ìsàlẹ̀ á máa kan ti òkè.

Lálẹ́, ẹ lo ojú ewé dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Bí ojú fóònù yín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní AMOLED, ìyẹn á tún dín bátìrì tó ń jẹ kù, nítorí ibi tó bá dúdú lójú fóònù náà kò tan iná rárá. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní LCD, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ bá dín kù nìkan ló máa ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí iná kò bá sí. Tí ẹ bá pa dátà nígbà tí ẹ ń kàwé, bátìrì á pẹ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi WhatsApp pè yín kúrò nínú ìtàn.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn

Ibi tó ń bí èmi nínú jù nìyí, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tìtorí rẹ̀ gbà pé Yorùbá kò ṣeé kà lórí fóònù. Irọ́ ni. Ẹ ṣí ìwé Yorùbá kan, ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi “ọ̀rẹ́”, kí ẹ tẹjú mọ́ ọn. Ṣé àmì ohùn jókòó sórí lẹ́tà, tí àmì ìsàlẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́? Àbí àmì ohùn ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti lọ gun lẹ́tà “r” lórí? Àbí àpótí kékeré òfìfo ló dúró síbẹ̀?

Ohun tó ń fà á nìyí. Unicode ni ètò tí gbogbo fóònù fi ń tọ́jú lẹ́tà. Nínú rẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Á àti è náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì ni fóònù ń tò pọ̀: ó kọ ẹ, ó wá gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ńtì (ìyẹn bátànì tí fóònù fi ń ya lẹ́tà) tí wọn kò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé àmì náà sí. Nítorí náà, ìwé yín kò bàjẹ́, fóònù yín kò sì bàjẹ́. Fọ́ńtì ni kí ẹ pààrọ̀.

Nínú áàpù ìkàwé, ẹ lọ síbi fọ́ńtì, kí ẹ máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó gbé “ọ̀rẹ́” dúró dáadáa. Bí ẹ bá rí Noto láàárín wọn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Google ló ṣe é kó lè gba gbogbo èdè. Charis SIL àti Gentium náà dára púpọ̀, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ní Kindle lè fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó da fáìlì Charis SIL sínú fódà tí wọ́n ń pè ní fonts, kó sì wá mú un níbi Aa nígbà tó bá ń kàwé.

Bí ó bá jẹ́ fáìlì Word àtijọ́ ni, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún fún àmì àjèjì bíi ÷ àti ß, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lo fọ́ńtì àkànṣe tó wà ṣáájú kí Unicode tó tàn kálẹ̀. Kò sí ohun tí fóònù lè ṣe sí ìyẹn. Ẹ bẹ ẹni tó ni ín kó sọ ọ́ di PDF lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ńtì náà wà, kó tó fi ránṣẹ́.

Ìṣòro kejì ni ìwákiri. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi ìwákiri, áàpù ní kò sí. Ìdí ni pé ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tọ́jú ọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan lè kọ ọ kó tó gbé àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè kọ ò kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú áàpù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn. Ẹ wá ibi kan tí ọ̀rọ̀ náà ti fara hàn nínú ìwé yẹn gan-an, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó mọ́lẹ̀ yòò, ẹ tẹ Copy, kí ẹ wá fi í síbi ìwákiri. Báyìí, bí òǹkọ̀wé náà ṣe kọ ọ́ ni ẹ ṣe ń wá a. Bí ẹ kò bá rí ibì kankan, ẹ wá apá tí kò ní àmì nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìwé àgbọ́sétí

LibriVox ti wà láti 2005. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń ka ìwé sókè, èyí tí ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ ti parí, tí wọ́n sì ń gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì MP3 wọn ní 64 kbps ń gba nǹkan bíi 29MB fún wákàtí kan. Ìwé tó bá gba wákàtí mẹ́wàá á jẹ nǹkan bíi 290MB, nítorí náà ẹ dáńlóòdù rẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà tàbí pẹ̀lú dátà òru. Ẹ má fi áàpù orin lásán gbọ́ ọ, ó máa ń gbàgbé ibi tí ẹ dúró sí. Smart AudioBook Player kì í gbàgbé. Ẹ kó gbogbo orí ìwé kan sínú fódà kan, kí ẹ fi fódà náà hàn án.

Ẹ tọ́jú ìwé yín sí ibi mẹ́ta

Fóònù ń sọnù, wọ́n ń jí i nínú dáńfó, ó ń já sómi. Bí ìwé igba bá wà nínú rẹ̀ nìkan, igba ló lọ.

Àkọ́kọ́ ni mẹ́mọ́rì káàdì, bí fóònù yín bá ní àyè fún un. Nígbà tí ẹ bá fi í sínú fóònù fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn fóònù kan á béèrè bóyá ẹ fẹ́ kó jẹ́ Portable storage tàbí Internal storage. Portable ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá mú Internal, Android á fi kọ́kọ́rọ́ ti káàdì náà mọ́ fóònù yẹn. Ọjọ́ tí fóònù bá kú, kò sí fóònù mìíràn tó máa lè kà á. Ẹ̀wẹ̀, káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Wọ́n á kọ 512GB sí i lára, ohun tó lè gbà kò sì ju díẹ̀ lọ; á máa gba fáìlì yín wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, àfi ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí i. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ fi áàpù H2testw yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà Windows kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹ kò bá ní kọ̀ǹpútà, ẹ fi fídíò kún un dé ẹnu, kí ẹ wá ṣí àwọn tó wọlé kẹ́yìn wò.

Ibi kejì ni Google Drive. 15GB ọ̀fẹ́ ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ímeèlì àti fọ́tò yín ń pín nínú rẹ̀. Ìwé 500 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1MB kò gbà ju 500MB lọ. Ẹ da àwọn fáìlì inú fódà Ìwé síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí dátà bá pọ̀.

Ìkẹta ni kọ̀ǹpútà, tàbí fóònù ẹlòmíràn nínú ilé. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, kó gbé Calibre sórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2006, ó ń to ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé, ó sì ń sọ fáìlì tí kò ní àgádágodo di irú mìíràn. Láàárín fóònù méjì, Quick Share á gbé àwọn ìwé náà lọ láìjẹ dátà. Bí ẹ bá ní Kindle, ẹ lè fi EPUB ránṣẹ́ sórí rẹ̀ nípasẹ̀ ímeèlì Send to Kindle bí kò bá ju 50MB lọ, tàbí láti ojú òpó rẹ̀ bí kò bá ju 200MB lọ.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ dán an wò. Ẹ fi fóònù sí airplane mode, kí ẹ ṣí ìwé mẹ́ta láti orí mẹ́mọ́rì káàdì. Èyí tí kò bá ṣí, kò sí lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin náà lè ṣe EPUB

Oríkì ìdílé tí bàbá àgbà nìkan mọ̀, àlọ́ tí ìyá àgbà ń pa, ìtàn bí ìlú yín ṣe tẹ̀dó: gbogbo rẹ̀ lè di ìwé tí gbogbo ẹbí á máa kà. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ẹ lè rí i kọ. Lórí Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè yín, ẹ ó sì rí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ tẹ iṣẹ́ náà sínú Google Docs. Níbi tí orí kọ̀ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ àkọlé rẹ̀ di Heading 1, nítorí òun ni EPUB á fi mọ ibi tí orí kan parí sí, tí á sì fi ṣe àkójọ orí tí òǹkàwé lè tẹ̀.

Nígbà tó bá tó, ẹ ṣí Google Docs lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ File, ẹ tẹ Download, kí ẹ mú EPUB Publication. Ẹ ṣí i nínú ReadEra, kí ẹ ka ojú ewé mélòó kan láti yẹ àmì ohùn wò. Lẹ́yìn náà ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí lórí WhatsApp, ẹ tẹ Document kí ẹ tó mú un, kó lè dé ọ̀dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bíi fáìlì. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ReadEra wọlé, kí wọ́n sì tọ́jú fáìlì náà sínú Documents, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pa gbogbo ohun tó bá wà nínú WhatsApp rẹ́ nígbà tí fóònù bá kún.